Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Àńbíréyájì àti Fólánì fún Ọkọ̀ tí A Fi Agbára Kún

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku ńlá kò lè gbé inú ìtẹ́ kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀rọ mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ilé àti aṣọ mu. Bí a bá fi agbára kún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan, tí a kò sì wo ohun tí ń gbé agbára náà lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, eku ti ju ìtẹ́ lọ nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ra ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń rà, tí wọn á sì sọ ọ́ di ọkọ̀ eléré. Kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje tí kò gbọdọ̀ jáde sí títì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni, tí wọ́n sì fi ń najú lọ́jọ́ ìsinmi. Ọ̀nà tó yá jù láti fi agbára kún un ni kí wọ́n yí ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì padà. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò yọ̀.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà lè má pẹ́. Ní ọjọ́ kan, yóò tẹ epo, ẹ́ńjìnì yóò ké, ọkọ̀ kò sì ní yára. Òórùn ohun tó ń jóná yóò gba inú ọkọ̀. Agbára wà nínú ẹ́ńjìnì, kò dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó di dandan kí ó ra àńbíréyájì tuntun. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, oríṣiríṣi ni yóò bá níbẹ̀, owó wọn kò dọ́gba, olúkúlùkù ni olùtajà sì ń yìn. Èwo ni kí ó mú?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú. Èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ń gbà wọlé. Ẹni tó ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti ṣe sí i. Bákan náà, awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, tàbí èyí tó ń gun òkè Alédjo ní Tógò pẹ̀lú ẹrù tó kún dẹ́nu, ìbéèrè kan náà ni àńbíréyájì ọkọ̀ rẹ̀ ń bi í: ṣé mo tó ohun tí o gbé lé mi lọ́wọ́?

Kí ni àńbíréyájì ń ṣe?

Ohun tí àwa ń pè ní àńbíréyájì ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti sọ. Bí ọkọ̀ bá dúró ní ìkóríta, ẹ́ńjìnì kò dúró, ó ṣì ń yí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yí. Nítorí náà, ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ́ńjìnì àti àpótí fítẹ́sì, tí ó lè so wọ́n pọ̀, tí ó sì lè tú wọn. Ohun náà ni àńbíréyájì.

Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fólánì. Ẹ má ṣe rò pé fólánì tí awakọ̀ ń dì mú ni. Èyí jẹ́ àwo irin ńlá tí a dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnì, tí ó sì ń bá a yí. Èkejì ni dísìkì, tí a fi ohun tó ń di nǹkan mú bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Dísìkì ni ó so mọ́ ọ̀pá tó wọ inú àpótí fítẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni àwo ìfúnmọ́, tí rẹ́sọ̀ líle wà nínú rẹ̀. Òun ni ó ń fún dísìkì mọ́ ara fólánì. Ẹ̀kẹrin ni bútéè, tí ó ń ti rẹ́sọ̀ náà nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dáálì, kí dísìkì lè bọ́.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì di àwo oúnjẹ kan mú. Ẹ ní kí ọmọdé fà á. Bí ẹ bá fún un dáadáa, kò ní lè fà á jáde. Bí ẹ bá dẹ ọwọ́, yóò jáde. Bí ọwọ́ yín bá ní òróró, yóò yọ̀ bí ẹ tilẹ̀ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé géńdé ni ó ń fà á, àfi kí ẹ fi agbára kún ìfúnmọ́ yín. Fólánì ni ọwọ́ kan, àwo ìfúnmọ́ ni ọwọ́ kejì, dísìkì ni àwo tí ó wà láàárín.

Kí ni fólánì ń ṣe?

Fólánì kì í ṣe ibi tí dísìkì ń lẹ̀ mọ́ nìkan. Ó ní iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ náà sì wà nínú ìwúwo rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ní ìgbèríko yóò ti rí ẹ̀rọ díẹ́sẹ́lì àtijọ́ tí ó ní àgbá irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó máa ń le láti yí àgbá náà ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbéra, ó le láti dá a dúró. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú nígbà tí wọ́n bá da àgbàdo púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbá yẹn ni fólánì ẹ̀rọ ìlọ̀gì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọkọ̀. Iná kì í jó nínú ẹ́ńjìnì láìdáwọ́ dúró. Nínú ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ni iná ń jó nínú ìlàjì ìyípo kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, tìpá-tìpá ni agbára ń jáde, bí ẹni tó ń gún iyán. Fólánì ni ó ń gba agbára náà, tí ó ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ ní ìdẹ̀ra, tí ẹ́ńjìnì fi ń yí láìgbọ̀n.

Ìṣirò mẹ́rin tí kò le

Kí a tó lè yan àńbíréyájì, ó yẹ kí a mọ agbára yíyí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀pá gígùn ń tú bóòtì ju ọ̀pá kúkúrú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Agbára tó ń yí nǹkan báyìí ni a ń fi Newton-mita wọ̀n, a sì ń kọ ọ́ ní Nm. Bí ọ̀pá bá gùn ní mítà 1, tí a gbé ẹrù kílò 10 kọ́ sí ẹnu rẹ̀, agbára yíyí tó wà ní ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 Nm.

Ohun mẹ́rin ló ń pinnu iye agbára yíyí tí àńbíréyájì kan lè gbé láìyọ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ojú dísìkì ṣe ń di nǹkan mú. Èkejì ni bí àwo ìfúnmọ́ ṣe ń fún un tó. Ẹ̀kẹta ni bí ojú náà ṣe jìnnà sí àárín dísìkì. Ẹ̀kẹrin ni iye ojú tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Dísìkì kan ní ojú méjì. A ó sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Dísìkì kan fẹ̀ ní mìlímítà 228. Láti àárín rẹ̀ dé agbedeméjì ojú tó ń di nǹkan mú tó mítà 0,095. Ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0,3. Àwo ìfúnmọ́ rẹ̀ ń fún un pẹ̀lú Newton 5000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ẹrù kílò 500 ní ọdún pọ̀ gẹ́gẹ́ bí òkè sìmẹ́ńtì mẹ́wàá. A ó sọ pé 5000 lọ́nà 0,3 jẹ́ 1500. 1500 lọ́nà 0,095 jẹ́ 142,5. Nítorí pé ojú méjì ló wà, 142,5 lọ́nà 2 jẹ́ 285. Àńbíréyájì yìí lè gbé 285 Nm. Bí ẹ́ńjìnì bá mú ju bẹ́ẹ̀ lọ wá, yóò yọ̀.

Ọkọ̀ kan tí a lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ kí a mú Golf 4 ti ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì, tí ó jáde ní ọdún 1997. Èyí tó ní ẹ́ńjìnì díẹ́sẹ́lì 1.9 TDI tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 110 ń mú 235 Nm jáde. Àńbíréyájì tó lè gbé 285 tó o, ó sì kù díẹ̀ lókè fún ọjọ́ ooru àti ọjọ́ ẹrù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà padà, agbára yíyí rẹ̀ lè tó 300. 300 ju 285 lọ. Kò sí ìdán kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń ké láìlọ.

Kí ni a lè ṣe? Bí a bá fi àwo ìfúnmọ́ tó lágbára sí i rọ́pò, èyí tó ń fúnni pẹ̀lú Newton 6500, ìṣirò kan náà yóò fún wa ní nǹkan bí 370 Nm. Ìyẹn fi ìdá kan nínú márùn-ún, ó lé díẹ̀, ju 300 lọ. Irú àlékún báyìí ni ó dára kí a ní. Bí àńbíréyájì bá ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, yóò yọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá gbóná. Bí ó bá sì fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, a ti ná owó lásán, a sì ti ra ìnira mọ́ ọn.

Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n kan dá. Wọ́n mú fólánì ẹ́ńjìnì G60 ti Volkswagen kan náà, wọ́n sì fi dísìkì àti àwo ìfúnmọ́ ti ẹ́ńjìnì VR6 sí i. Ẹ́ńjìnì VR6 tóbi ní lítà 2,8, nítorí náà àwo ìfúnmọ́ rẹ̀ ní agbára. Kì í ṣe ohun tí a ṣe fún eré ìje rárá. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe fún ọkọ̀ tó ń lọ láàárín ìlú ni, ó kàn wá láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó yẹ ọkọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tó wọ́n jù.

Oríṣi dísìkì àti ẹni tó yẹ

Ohun tí a fi bo ojú dísìkì ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe máa gbéra.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ọ̀gáníìkì. Wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì, oje líle àti okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ pò ó. Ó ń gbéra ní pẹ̀lẹ́, ó sì dára fún ìlú tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ pọ̀ sí. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ó bá gbóná jù, ìdìmú rẹ̀ yóò dínkù. Fún ọkọ̀ tí a fi agbára díẹ̀ kún, ọ̀gáníìkì pẹ̀lú àwo ìfúnmọ́ tó le sí i ti tó.

Èkejì ni èyí tí a fi fọ́nrán Kevlar ṣe. Fọ́nrán yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀. Ó ń gbéra ní pẹ̀lẹ́, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Bí a kò bá jẹ́ kí ó mọ́ irin lára kí a tó sá eré, ojú rẹ̀ yóò dán bí dígí, kò sì ní di nǹkan mú dáadáa mọ́.

Ẹ̀kẹta ni seramíìkì, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin àti seramíìkì sun pọ̀. Ìdìmú rẹ̀ ga, ooru kì í tètè ṣẹ́gun rẹ̀. Kì í bo gbogbo dísìkì. Bí ìṣù mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni ó máa ń rí ní etí rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń fẹ́, nítorí orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n kò mọ pẹ̀lẹ́. Bí a bá ti ń gbé ẹsẹ̀, yóò gbá irin mú lójijì, ọkọ̀ yóò sì ta. Fún ẹni tó ń sáré ìje, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Fún ẹni tó ń wọ Kútọnu láti Àjàṣẹ́ ní àárọ̀, tí ó ń gbéra tí ó ń dúró ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìyà ni. Ó sì ń jẹ ojú fólánì ju ọ̀gáníìkì lọ.

Ọ̀nà kẹrin tún wà: kí a lo dísìkì méjì dípò ọ̀kan. Nígbà náà, ojú mẹ́rin ni yóò máa lẹ̀ mọ́ irin, agbára àńbíréyájì yóò sì di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé pẹ́dáálì le sí i. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnì tó lágbára gan-an ni ó sì wà fún.

Ẹ má gbàgbé pé ẹsẹ̀ yín ni ó ń ṣẹ́gun rẹ́sọ̀ àwo ìfúnmọ́. Bí rẹ́sọ̀ bá le sí i, pẹ́dáálì yóò le sí i. Bí a sì ti ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ti ọ̀pá ẹ́ńjìnì síwájú, ó sì ń fi ìnira fún ohun tó di ọ̀pá náà mú láàyè rẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá dúró fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fítẹ́sì, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dáálì.

Fólánì tó fúyẹ́ àti fólánì tó wúwo

Ọ̀rọ̀ fólánì fúyẹ́ ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Olùtajà yóò ní, "Ẹ fi fólánì fúyẹ́ sí i, ọkọ̀ yín yóò di ẹyẹ." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Fólánì fúyẹ́ kì í fi agbára kún ẹ́ńjìnì rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ẹ́ńjìnì kò ní ẹrù púpọ̀ láti yí kí ó tó yára. Yóò tètè gbéra, yóò sì tètè rọlẹ̀. Ìyàtọ̀ náà hàn jù ní fítẹ́sì kìn-ín-ní. Bí fítẹ́sì bá ti ń ga sí i, ìyàtọ̀ náà ń dínkù.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọ̀gì. Bí ẹ bá yọ àgbá irin rẹ̀ kúrò, yóò kú bí àgbàdo bá ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó ní fólánì fúyẹ́ jù máa ń kú lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra lórí òkè tàbí pẹ̀lú ẹrù. Bí ó bá dúró, ẹ́ńjìnì rẹ̀ a máa gbọ̀n. Díẹ́sẹ́lì ni èyí burú fún jù, nítorí pé ìgbúnni rẹ̀ le ju ti ẹ́ńjìnì epo bẹntiróòlù lọ. Fún ọkọ̀ tó ń kó èrò tàbí ẹrù, ìwúwo fólánì kì í ṣe ọ̀tá. Olùrànlọ́wọ́ ni.

Fólánì alápá méjì àti alápá kan

Ní ọdún 1985, ilé iṣẹ́ LuK ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fólánì alápá méjì lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní bì-máàsì. Àwo irin méjì ni ó wà nínú rẹ̀, rẹ́sọ̀ gígùn sì wà láàárín wọn. Rẹ́sọ̀ yìí ń gbé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnì mì kí ó má bàa dé inú àpótí fítẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ díẹ́sẹ́lì ìsinsìnyí ló ní in. Bí ó bá ti gbó, a ó gbọ́ gbúù-gbúù nígbà tí a bá ń tan ẹ́ńjìnì tàbí nígbà tí a bá ń pa á. Ó wọ́n púpọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó rẹ̀ ju ti àńbíréyájì fúnra rẹ̀ lọ.

Nítorí owó yìí, àwọn kan máa ń fi fólánì alápá kan rọ́pò rẹ̀. Valeo, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, ń ta irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oríṣiríṣi ọkọ̀, pẹ̀lú dísìkì, àwo ìfúnmọ́ àti bútéè nínú páálí kan ṣoṣo. Ó lè dára, ó sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí rẹ́sọ̀ bá ti kúrò nínú fólánì, rẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú dísìkì. Ẹni tó bá so fólánì alápá kan pọ̀ mọ́ dísìkì tí kò ní rẹ́sọ̀ nínú ọkọ̀ díẹ́sẹ́lì ti gbé gbogbo ìgbọ̀n náà lé eyín àpótí fítẹ́sì lórí. Ohun tí ó rò pé òun fi pamọ́ nínú owó fólánì, yóò fi ra àpótí fítẹ́sì.

Èyí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ má ṣe fi í sí fítẹ́sì kankan. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo wòrò-wòrò láti inú àpótí fítẹ́sì, tí ariwo náà sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dáálì àńbíréyájì, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ fólánì rẹ̀ sí alápá kan. Bí pẹ́dáálì bá le ju bí ó ti yẹ lọ, tí ọkọ̀ sì ń ta nígbà tí ó bá ń gbéra, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti fi agbára kún ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á ní fítẹ́sì kẹrin, ní nǹkan bí kìlómítà 50 ní wákàtí kan, níbi tí ọ̀nà ti ṣófo. Ẹ tẹ epo gan-an. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá lọ sókè tí ọkọ̀ kò bá a lọ, àńbíréyájì rẹ̀ ti ń yọ̀. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ibi tí ewu wà

Títí dé ibí, owó ni a ń sọ. Ó kù kí a sọ nípa ẹ̀mí.

Fólánì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípo nínú ìṣẹ́jú kan, ìtòsí ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó sì wà. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fẹ́ fà á ya di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ fólánì àtilẹ̀wá ni a fi irin dídà ṣe. Irin yẹn le, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ́ bí ìkòkò. Àwọn kan máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irin, kí ó gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù kí ó lè fúyẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fọ́ níbi tí ó ti ń yí, ègé rẹ̀ lè gba ara páánù ọkọ̀ kọjá. Nítorí ewu yìí ni àjọ SFI ní Amẹ́ríkà ṣe fi òfin lélẹ̀ lórí bí fólánì àti àńbíréyájì ọkọ̀ ìje ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ẹni tó bá fẹ́ fólánì fúyẹ́, kí ó ra èyí tí a fi ògidì irin sítíìlì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ewu kejì wà nínú eruku. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi amiante sínú ojú dísìkì. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ilẹ̀ Faransé fòfin dè é láti ọdún 1997. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin mẹ́káníìkì, ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ eruku àńbíréyájì. Omi ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ sì fi àkísà tútù nù ún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín jókòó sí ìdí rẹ̀ láìbo imú.

Ọjọ́ tí a bá ń dè é

Àńbíréyájì tó dára jù lọ lè bàjẹ́ lọ́jọ́ kan bí a kò bá dè é dáadáa. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè béèrè nǹkan wọ̀nyí láìtìjú.

Ẹ béèrè bóyá òróró ń jò láti ìdí ẹ́ńjìnì. Bí òróró bá kan dísìkì tuntun, yóò yọ̀ bí èyí tó ti gbó. Nítorí náà, kí a pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí òróró náà kí a tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti ń jò.

Ẹ wo ojú fólánì. Bí ó bá ní àpá dúdú-búlúù tàbí ìlà fífọ́ wẹ́wẹ́, ooru ti pa á lára. Fólánì alápá kan ṣeé fá dọ́gba bí àpá náà kò bá jinlẹ̀. Fólánì alápá méjì tó ti gbó, pípààrọ̀ ni òògùn rẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ bútéè pẹ̀lú dísìkì. Owó bútéè kéré. Iṣẹ́ sísọ àpótí fítẹ́sì kalẹ̀ ni ó pọ̀. Ẹni tó bá dá bútéè àtijọ́ padà nítorí owó díẹ̀ lè san owó iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi bóòtì tuntun de fólánì, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ tó ń wọn agbára dè é ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀. Kí mẹ́káníìkì nu ojú fólánì mọ́ tónítóní, kí ó má sì fi ọwọ́ olóròóró kan ojú dísìkì.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, sùúrù ló kù. Ojú dísìkì tuntun àti ojú irin gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Fún nǹkan bí kìlómítà 800 àkọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ ní ìrọ̀rùn láàárín ìlú, kí ẹ máa pààrọ̀ fítẹ́sì dáadáa. Ẹ má ṣe sá eré àsápajúdé, ẹ má ṣe kó ẹrù tó wúwo. Ọ̀nà tààrà nìkan kò tó, nítorí pé pípààrọ̀ fítẹ́sì ni ó ń mú kí ojú méjèèjì mọ́ra.

Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dáálì bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó. Ẹ má ṣe fi àńbíréyájì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè. Fírẹ́nì ọwọ́ wà fún ìyẹn.

Kí owó tó kúrò lápò

Ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé. Newton-mita mélòó ni ẹ́ńjìnì mi ń mú jáde nísinsìnyí? Mélòó ni àńbíréyájì tí mo fẹ́ rà lè gbé, ṣé ó sì fi ìdá kan nínú márùn-ún jù ú lọ? Ṣé fólánì mi jẹ́ alápá kan tàbí alápá méjì, ṣé dísìkì náà sì bá a mu? Kí ni mo ń fi ọkọ̀ náà ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta?

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Wọ́n ń ra àńbíréyájì fún ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ sáré, wọ́n sì ń jìyà rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù. Nọ́ńbà agbára rẹ̀ ni a sábà ń kọ sára páálí. Ẹni tó bá ti lè kà á, tí ó sì lè fi wé ti ẹ́ńjìnì rẹ̀, kò ní gbọ́kàn lé ẹnu olùtajà nìkan mọ́. Yóò mọ ìwọ̀n eku rẹ̀, yóò sì wá ìtẹ́ tó bá a mu.